Ẹni Tó Gbin Obì àti Ẹni Tó Pa Obì Jẹ

Obì kì í ṣe ohun ọ̀gbìn oníkánjú. Ẹni tó bá gbìn ín lónìí yóò roko ìdí rẹ̀, yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹran ọ̀sìn àti iná ìgbẹ́, yóò sì dúró dè é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fojú kan èso. Nígbà mìíràn, ẹni tó gbìn ín kọ́ ni yóò pa á jẹ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gbin obì nígbà ogbó rẹ̀, ọmọ ló ní lọ́kàn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí bí ìjọba bá ń náwó sórí ìwádìí nípa agbára tí ń tan iná, tí ń gbé ọkọ̀ rìn, tí ń yí ẹ̀rọ. Owó òní ni wọ́n ń ná, èso ọ̀la ni wọ́n ń retí. Ìtàn Amẹ́ríkà láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé orílẹ̀-èdè náà gbin igi, ó gé e, ó tún un gbìn, ó sì tún yọ àdá sí i. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan ọmọ Nàìjíríà, kí ó ní sùúrù, kí ó gbọ́ ìtàn náà dópin.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1979, Jimmy Carter, tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, gun òrùlé White House, ilé tí àwọn ààrẹ ibẹ̀ ń gbé, pẹ̀lú àwọn oníròyìn. Páńẹ́lì 32 ni wọ́n tò síbẹ̀. Kì í ṣe irú sólà tí ń mú iná mànàmáná wá o. Irú èyí tí ń fi ooru oòrùn mú omi gbóná ni. Carter sọ níjọ́ náà pé, nígbà tí ìran kan bá fi kọjá, páńẹ́lì náà lè di ohun àwòyanu lásán nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ̀rí ọ̀nà tí a mọ̀ tí a kò tọ̀. Ó sì lè jẹ́ díẹ̀ lára iṣẹ́ ńlá kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà yóò fi yangàn. Àṣé ọ̀rọ̀ náà yóò ṣẹ lọ́nà tí ẹni tó sọ ọ́ pàápàá kò lérò.

Kí ló gbé ààrẹ dé orí òrùlé? Ìyà epo ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, nígbà tí ogun ń lọ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn ará Lárúbáwá tó yí i ká, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ní epo kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà. Kí ọdún 1974 tó rìn jìnnà, àgbá epo rọ̀bì kan tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí dọ́là 3 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dọ́là 12. Àwọn ará Amẹ́ríkà tò sílé epo ní ìlà gígùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn ti máa ń tò nígbà ọ̀wọ́n epo. Ààrẹ Richard Nixon kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 1973 pé, nígbà tí yóò bá fi di 1980, Amẹ́ríkà kò ní í gbójú lé ẹlòmíràn fún epo mọ́. Ní 1977, Carter dá ilé-iṣẹ́ ìjọba tó wà fún ọ̀rọ̀ agbára sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Department of Energy, ó sì kó àwọn iṣẹ́ ìwádìí tó ti fọ́nká sí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì jọ sábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún kan náà ni ilé ìwádìí nípa agbára oòrùn ṣílẹ̀kùn ní ìlú Golden, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Wọ́n ń wádìí oòrùn tí ń mú omi gbóná, wọ́n sì ń wádìí oòrùn tí ń di iná mànàmáná.

Irúgbìn iná oòrùn yìí ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1954, ní yàrá ìwádìí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí wọ́n ń pè ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan, Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson, fi sílíkọ́nì ṣe ohun pẹlẹbẹ kékeré kan tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná. Nínú ìpín 100 agbára oòrùn tó bà lé e, nǹkan bí ìpín 6 ni ó lè sọ di iná. Ní 1958, wọ́n gbé irú rẹ̀ sára sátẹ́láìtì Vanguard 1, tí wọ́n jù sí ojú òfuurufú. Rédíò rẹ̀ sì ń fọhùn títí di 1964. Àmọ́ ó wọ́n bí ojú. Ta ni yóò ra iná tí owó rẹ̀ ju ti ilé lọ? Ìjọba nìkan ló ní oríta tí irú iná bẹ́ẹ̀ ti lè wúlò, nítorí kò sí ẹni tó lè gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sójú òfuurufú.

Níbí ni akẹ́kọ̀ọ́ olóye yóò ti béèrè pé: èéṣe tí a kò fi ọ̀rọ̀ ìwádìí sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Oníṣòwò ní láti mọ ìgbà tí owó rẹ̀ yóò padà wálé. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ogún ọdún ni, yóò ṣẹ́wọ́ gbé àpò rẹ̀. Bí ìmọ̀ tuntun bá sì jáde, aládùúgbò rẹ̀ tí kò ná kọ́bọ̀ lè kọ́ ọ kí ó sì fi ṣòwò. Odò jíjìn kan sì tún wà láàárín yàrá ìwádìí àti ọjà: ohun tó ṣiṣẹ́ lórí tábìlì onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò rere ló ti bá odò yẹn lọ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àmọ́ ẹni tí yóò san owó ọbẹ̀ tí kò mọ ọjọ́ tí yóò jinná kò pọ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni láti dúró síbi tí oníṣòwò kò lè dúró sí.

Bí ó ti wù kí ó rí, ìjọba náà kì í mọ gbogbo rẹ̀. Ní 1980, nígbà Carter kan náà, Amẹ́ríkà dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ran àwọn tí ń sọ èédú di epo lọ́wọ́. Òpó pàtàkì tí ètò náà dúró lé ni ìgbàgbọ́ pé epo rọ̀bì yóò máa wọ́n sí i. Epo kò wọ́n sí i. Ńṣe ló ja wálẹ̀, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 1986. Nítorí náà, nígbà tí Ronald Reagan di ààrẹ ní 1981, tí ó sì sọ pé ọjà ni kí ó yan irú agbára tí àwọn ènìyàn yóò lò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ló sọ. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé àdá kan náà ni wọ́n fi gé èpò àti irè oko. Wọ́n gé owó ilé ìwádìí oòrùn ní Golden kọjá ìdajì, wọ́n sì yọ ọ̀gá rẹ̀, Denis Hayes, lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ tó ti ń kọ́ra wọn lẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún mélòó kan fọ́nká. Ní 1986, nígbà tí wọ́n ń tún òrùlé White House ṣe, wọ́n tú páńẹ́lì Carter sílẹ̀, wọn kò sì dá wọn padà mọ́.

Ìmọ̀ kì í kú bí wọ́n bá lé e nílé. Ilé ẹlòmíràn ló máa ń gbà lọ. Japan, tí kò ní epo nílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí tirẹ̀ ní 1974, tí wọ́n sọ lórúkọ oòrùn. Nígbà tí epo di pọ̀ọ́kú ní 1986, Japan kò fi tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń fi sílíkọ́nì kékeré sára ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní kíláàsì, wọ́n sì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1994, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn onílé san lára owó sólà orí òrùlé. Ní 2000, Jámánì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fi iná oòrùn ránṣẹ́ sórí wáyà ìlú yóò máa gba iye tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí fún ogún ọdún. Báyìí ni ọjà ṣí sílẹ̀. Ọmọ Ṣáínà kan, Shi Zhengrong, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Martin Green ní Ọsirélíà, padà sílé, ó sì dá ilé-iṣẹ́ Suntech sílẹ̀ ní ìlú Wuxi ní 2001, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú náà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní 2022, àjọ IEA, tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára lágbàáyé, ròyìn pé ìpín tó ju 80 lọ nínú 100 iṣẹ́ ṣíṣe páńẹ́lì oòrùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ló wà lọ́wọ́ Ṣáínà.

Ní 1976, bí a bá fi owó òde òní díwọ̀n rẹ̀, sólà tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì kan ṣoṣo ju 100 dọ́là lọ. Lónìí, kò tó ìdajì dọ́là. Páńẹ́lì tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọjà Alábà ní Èkó, Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni New Jersey ni wọ́n ti gbin irúgbìn rẹ̀. Amẹ́ríkà ló gbin obì. Nígbà tí àkókò àtipa á jẹ tó, ilé ẹlòmíràn ni àwo obì wà.

Ṣùgbọ́n igi kan wà tí Amẹ́ríkà kò tètè gé. Láti 1976, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí gáàsì tó há sínú àpáta líle tí wọ́n ń pè ní shale. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé gáàsì wà níbẹ̀. Bí wọn yóò ti ṣe fà á jáde ni kò yé ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ náà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí di 1992. Wọ́n ya àwòrán àpáta, wọ́n gbẹ́ kànga tó dúró ṣánṣán, wọ́n gbẹ́ èyí tó dùbúlẹ̀. Láti 1980, wọ́n tún ṣe ẹ̀dínwó owó orí fún ẹni tó bá wa irú gáàsì bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Texas, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ George Mitchell bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àpáta Barnett ní 1981. Ọdún ń gorí ọdún, owó ń lọ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pàápàá ń ṣiyèméjì. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tó di nǹkan bí 1998, wọ́n rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi omi púpọ̀ fọ́ àpáta náà láìná ìná àpà. Láti orí gáàsì, ọgbọ́n náà bọ́ sórí epo rọ̀bì.

Ibí yìí gan-an ni ìtàn náà ti wọ ilé Nàìjíríà. Ní 2010, nǹkan bí mílíọ̀nù kan àgbá epo rọ̀bì ni Amẹ́ríkà ń rà lójúmọ́ lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ní oṣù keje ọdún 2014, kò ra ẹyọ àgbá kan. Láti 1973 tí wọ́n ti ń kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Epo inú àpáta tiwọn jọ epo Nàìjíríà, ó fúyẹ́, ìmí ọjọ́ inú rẹ̀ kò pọ̀. Kí ni wọn yóò tún máa rà á lókèèrè fún? Nàìjíríà wá oníbàárà mìíràn, Íńdíà sì wà lára wọn, àmọ́ epo ti pọ̀ jù lọ́jà àgbáyé. Àgbá epo tó ju 100 dọ́là lọ ní àárín 2014 wá sí ìsàlẹ̀ 30 dọ́là ní oṣù kìíní 2016. Òótọ́ ni pé àwọn ìdí mìíràn wà níbẹ̀: àwọn orílẹ̀-èdè OPEC kọ̀ láti dín epo wọn kù ní 2014, àwọn kan sì ń ba ọ̀pá epo jẹ́ ní Niger Delta. Ṣùgbọ́n epo inú àpáta wà lára àwọn olórí ìdí. Ọrọ̀ ajé Nàìjíríà rẹ̀yìn ní 2016. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò lè san owó oṣù déédéé. Olùkọ́ tó kọ́ ọmọ títí oṣù fi parí, tó sì dé ilé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ṣé ó mọ̀ pé ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lókè òkun ní ogójì ọdún sẹ́yìn wà lára ohun tó gba owó náà lọ? Ẹni tí kò bá bá wọn gbin igi, òjìji igi náà lè bọ oko rẹ̀.

Amẹ́ríkà padà kọ́gbọ́n díẹ̀. Ní 2007, wọ́n ṣòfin láti dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ ARPA-E. Ní 2009, nígbà Ààrẹ Barack Obama, wọ́n fún un ní 400 mílíọ̀nù dọ́là láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwòkọ́ṣe rẹ̀ ni àjọ ìwádìí àwọn ológun, tó san owó iṣẹ́ tó padà di íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò ARPA-E yàtọ̀: èrò tó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣòwò kò ní í fọwọ́ kàn án ni wọ́n ń wá. Àwọn tí ń darí iṣẹ́ níbẹ̀ kì í pẹ́ lórí àga, kí ọkàn wọn má baà dì mọ́ èrò kan ṣoṣo. Bí iṣẹ́ kan kò bá dé ibi tí wọ́n dá fún un, wọn yóò dá owó rẹ̀ dúró. Èyí fi hàn pé sùúrù kò túmọ̀ sí ojú dídì. Àgbẹ̀ tó ń dúró de obì kò ní í ṣàì fa èpò tu.

Ní àkókò kan náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba náà ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó àwọn tí ń kọ́ ilé ẹ̀rọ tuntun. Solyndra, tí ń ṣe sólà ní California, gba ẹ̀yáwó 535 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì kógbá sílé ní 2011. Ariwo sọ, àwọn olóṣèlú sọ orúkọ náà di èébú. Tesla, tí ń ṣe ọkọ̀ tí ń lo iná, gba 465 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì san gbogbo rẹ̀ ní 2013, ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú àkókò. Ariwo èyí kò tó ti èkíní. Nígbà tí wọ́n ṣírò ní 2014, èlé tí ìjọba ti rí gbà lórí gbogbo ẹ̀yáwó náà ju owó tó sọnù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ aráyé rí: ebè kan tí iṣu rẹ̀ jẹrà ni wọ́n ń rántí, wọn kì í ka ogún ebè tó ta.

Síbẹ̀, àdá kò tíì kúrò lọ́wọ́. Láti 2017 títí di 2020, lọ́dọọdún ni Ààrẹ Donald Trump dábàá nínú ètò ìṣúná rẹ̀ pé kí wọ́n pa ARPA-E rẹ́. Àwọn aṣòfin, títí kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, kò gbà. Ní 2022, nígbà Ààrẹ Joe Biden, òfin ńlá kan jáde tó fi ẹ̀dínwó owó orí fún ọdún púpọ̀ ti iná oòrùn àti iná atẹ́gùn lẹ́yìn. Ní oṣù keje 2025, lẹ́yìn tí Trump padà sórí àga, òfin mìíràn gé ọdún ẹ̀dínwó náà kúrú fún oòrùn àti atẹ́gùn. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀rọ tí yóò gbà á ní ọdún mẹ́wàá kò mọ ohun tí ọdún kẹrin yóò mú wá. Igi tí wọ́n bá ń gbìn ní sáà kan, tí wọ́n sì ń hú ní sáà kejì, ìgbà wo ni gbòǹgbò rẹ̀ yóò mulẹ̀?

Nàìjíríà náà gbin tirẹ̀. Ní 1976, ọdún kan náà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àpáta, ìjọba Nàìjíríà ṣòfin tó bí ilé ìwádìí agbára ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Zaria. Ní 1979, òfin mìíràn jáde tó dá Energy Commission of Nigeria sílẹ̀, àwọn ilé ìwádìí ní Nsukka àti Sókótó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 2004, ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré tí wọ́n ń fi ṣèwádìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Zaria. Nítorí náà, àbùkù ni láti máa sọ pé Nàìjíríà kò ronú kan ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó ronú kàn án nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń ronú kàn án, owó epo sì wà lọ́wọ́ nígbà náà. Ìbéèrè tó kù ni ti ìtọ́jú. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti fẹnu kò pé kí olúkúlùkù máa ná ó kéré tán ìpín 1 nínú 100 ọrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún sórí ìwádìí. Nàìjíríà kò tíì débẹ̀. Oòrùn kò wọ́n ní ilẹ̀ yìí, ọmọ olóye kò wọ́n. Owó tó bá ń wá lọ́dún yìí tí kò wá lọ́dún tó ń bọ̀ ló ń lé àwọn ọmọ olóye náà lọ sí ilé ìwádìí ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ oòrùn ti gba Golden lọ sí òkè òkun.

Páńẹ́lì 32 ti orí òrùlé White House ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ Maine gbà wọ́n, ó sì fi díẹ̀ nínú wọn mú omi gbóná fún ọdún mélòó kan. Ọ̀kan lára wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà. Òmíràn gba òkun kọjá: ó di ohun àfihàn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé agbára oòrùn ní ìlú Dezhou, ní Ṣáínà, ilẹ̀ àwọn tó pa obì náà jẹ. Ọ̀rọ̀ tí Carter sọ lórí òrùlé ṣẹ sí i lára.

Àmọ́ bàbá náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní 2017, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó yọ̀ǹda ilẹ̀ oko rẹ̀ ní Plains, ìlú kékeré tí wọ́n ti bí i ní ìpínlẹ̀ Georgia, kí wọ́n to páńẹ́lì oòrùn sí i. Iná tó ń ti ibẹ̀ wá tó láti gbọ́ ju ìdajì bùkátà iná ìlú náà lọ. Ó jáde láyé ní oṣù kejìlá ọdún 2024, lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún. Àgbà tó mọ̀ pé òun kò ní í pẹ́ pa obì ṣì tún gbin òmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka físíìsì àti kẹ́mísírì lónìí, ẹyin ló ń di àkùkọ. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀kan nínú yín yóò wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò pín owó ìlú. Bí ẹnìkan bá dìde níbẹ̀ tó ní, "Ìwádìí yìí ti gba ọdún márùn-ún, a kò rí nǹkan kan níbẹ̀," kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá èpò ni wọ́n fẹ́ tu tàbí igi obì ni wọ́n fẹ́ gé.